Ìṣirò tó ń já àwọn ọ̀dọ́ nídìí iṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é lọ́jà Ọ̀tan

Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014, kò ní í tètè gbàgbé ọjọ́ náà. Iléeṣẹ́ Immigration ló pe àwọn tó ń wáṣẹ́ jáde fún ìdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni kálukú ti san kó tó débẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, bẹ́ẹ̀ àyè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ju bíi 4,500 lọ. L'Ábújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀, ó kéré tán, èèyàn 16 ló bá a lọ. Ìdánwò ni wọ́n wá ṣe o, wọn ò wá jagun.

Ẹ pín 500,000 sọ́nà 4,500, ẹ máa rí i pé ó lé ní 110 èèyàn tó ń du àyè kan ṣoṣo. Lọ́dún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gbani sí Immigration, Civil Defence, iṣẹ́ wọ́dà àti panápaná tún kéde àyè 30,000. Àwọn tó kọ̀wé sí wọn lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ìyẹn náà, ó lé ní 50 sí ẹyọ kan. Irú ìṣirò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn ṣe yìí gan-an ló máa ń wà nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń dá àwọn ọ̀dọ́ padà sílé. Báńkì ń ṣe é, iléeṣẹ́ epo ń ṣe é, ìjọba náà ń ṣe é. Bí ìgbà tí èèyàn ń jọ̀ gàrí ló rí. Bí èrò bá ti pọ̀ jù, ajọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ wá.

Ọ̀tan Ayégbajú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bolúwadúró, l'Ọ́ṣun. Poli Ìrèé kò jìnnà síbẹ̀, Poli Ìgbájọ sì wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, torí náà, ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ kò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba HND nínú ìṣirò owó, ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè é fún ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì já a. Ó padà dé láti Òṣogbo, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀ tó ń wọn gàrí fún oníbàárà.

"Màámi, ìbéèrè yẹn ò le o. Àsìkò ni ò tó."

"Ìwọ tó o fi odidi ọdún kàwé ìṣirò?"

"Ẹ gbọ́ ná. Wọ́n ní ọjà kan wà ní 40,000, ó wá di 50,000, pasẹ́ńtì mélòó ló fi gbówó lórí? Mo ní 25, mo gbà á. Wọ́n tún ní ó kúrò ní 50,000, ó padà sí 40,000, pasẹ́ńtì mélòó ló fi wálẹ̀? Mo tún ní 25. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé 20 ni."

Ìyá yìí kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ogún náà ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lára ogójì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lára àádọ́ta, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn, tí gàrí bá wálẹ̀, gbèsè ló máa wọ̀."

Ìyá tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní aptitude test ló já a bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́ kò tíì gbà lọ́kàn nìyẹn. Wọ́n á ti máa wá ìwé ìṣirò ńláńlá tí wọ́n kà ní yunifásítì, wọ́n á máa ká ọwọ́ lérí. Kò sí àlùjẹ́bírà níbẹ̀ o. Pasẹ́ńtì ni, ìpín ni, èrè àti àdánù ni, àti àtẹ tí wọ́n to owó ọjà sí. Ohun tó le nínú ẹ̀ ni pé àsìkò tí wọ́n ń fúnni lórí ìbéèrè kan lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ púpọ̀.

Ẹ tún wo bí Yorùbá ṣe ń kà. Mọ́kàndínlógún, ìyẹn ni pé ẹyọ kan dín nínú ogún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ọmọ Yorùbá wá pasẹ́ńtì 19 lára 41,200, ìwé ló máa wá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi 19 sọ 41,200 di púpọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ló dé? Orúkọ nọ́ńbà náà ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ 4,120. Ẹ sọ ọ́ di méjì, ó di 8,240, ogún pasẹ́ńtì nìyẹn. Ẹ wá yọ pasẹ́ńtì kan kúrò, ìyẹn 412. Ó ku 7,828, ó parí. Márùndínláàádọ́ta náà ńkọ́? Ẹ mú ìdajì, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìdajì náà. Tó bá jẹ́ 60,000, ìdajì jẹ́ 30,000, ẹ yọ 3,000, ó ku 27,000. Owó VAT tó di pasẹ́ńtì 7.5 lóṣù kejì, ọdún 2020, kò yàtọ̀: ìdá kan nínú mẹ́wàá 40,000 jẹ́ 4,000, ẹ yọ ìdámẹ́rin ẹ̀, ó ku 3,000.

(Ọ̀rọ̀ yìí ti ya òyìnbó lẹ́nu rí. Lọ́dún 1887, Adolphus Mann, òjíṣẹ́ CMS tó gbé Ìjàyè, kọ̀wé lórí bí Yorùbá ṣe ń yọ nọ́ńbà kúrò lára nọ́ńbà. Àwọn ọmọ tó ni ín ló wá ń sá fún un.)

Ẹni tó bá fẹ́ yege, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀ pé ọ̀túnla ni ìdánwò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún oṣù kan sàn ju òru méjì àìsùn lọ. Kó gbé aago síwájú. Èyí tó bá gbà, kó fi sílẹ̀, èyí tó bá kùnà ni kó kọ sínú ìwé kan, kó sì kọ ìdí tó fi kùnà. Kò ní í pẹ́ tó fi máa rí i pé àṣìṣe kan náà ló ń ṣe lóríṣiríṣi. Òmíràn kì í ka orí àtẹ. Wọ́n ti kọ ọ́ sókè pé ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni owó tó wà nísàlẹ̀, ó rí 360, ó fi 360 náírà ṣe é, 360,000 ni. Ilẹ̀ ti mọ́ bá tọ̀hún nìyẹn.

Àwọn kan náà wà tó jẹ́ pé ìbéèrè kẹta ni wọ́n máa kú sí. Kò yé wọn, wọn ò sì ní í fò ó, títí ìṣẹ́jú márùn-ún á fi lọ. Ẹ fò ó o! Máàkì ìbéèrè tó rọrùn níwájú kò kéré sí tiẹ̀. Bí ìdáhùn tí wọ́n to síbẹ̀ bá sì jìnnà síra, bíi 12, 19, 31 àti 48, tí ìṣirò tó sún mọ́ ọn bá ti fi hàn pé bí ogún ló máa jẹ́, kí lèèyàn tún ń wá? Ìlànà ìdánwò náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan ń gbà kéèyàn lo ẹ̀rọ ìṣirò, àwọn kan kì í gbà. Àwọn kan máa ń yọ máàkì fún ẹni tó bá kùnà, tí èyí ò bá sí níbẹ̀, kò yẹ kéèyàn fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Orí kọ̀ǹpútà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn báyìí. Àwọn tó ṣe JAMB láti ọdún 2015 kò ní í bẹ̀rù ìyẹn, torí CBT nìkan ni JAMB láti ọdún náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó fi pẹ́ńsù ṣe tiwọn ni kó lọ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ṣáájú, kó má jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa máa wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo eléyìí wà fún, ṣé kì í ṣe lẹ́tà ọ̀gá ńlá ló ń gbani síṣẹ́ ni? Irọ́ kọ́ pátápátá. Ogún ìṣẹ́jú kò sì lè sọ ẹni tó máa jí wá síbi iṣẹ́ lásìkò, tí kò sì ní í jalè. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá oníṣòwò tí kò ní ọ̀gá kankan l'Ábújá, kí ló tún ní lọ́wọ́ ju máàkì yẹn lọ?

Bí òun náà bá tún ń lọ, kó ti sun Òṣogbo mọ́jú tó bá lẹ́ni níbẹ̀, torí ọkọ̀ tó gba Ìrèé àti Ìkirun kì í dúró de ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Bí ẹnì kan bá sì pè é lóru pé òun ní ìbéèrè àti ìdáhùn lọ́wọ́, kó fi 20,000 ránṣẹ́ sínú àkáǹtì báyìí-báyìí, kó pa fóònù ẹ̀, kó sùn.