Ọdún Kan Ọmọ Kì Í Ṣe Ọdún Gbèsè

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn aláṣẹ ṣe ń bọ́ sórí rédíò, tí wọ́n ń sọ fún wa pé ọjà ti rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣírò iye owó ọjà ní ọ̀wọ́n gógó wà ní ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìṣirò oṣù Kínní ọdún 2025 jáde, ó ti di 24.48. Kì í ṣe pé oúnjẹ ya wọ ìlú láàárín oṣù kan. Ìpìlẹ̀ ìṣirò ni wọ́n yí padà: wọ́n gbé e kúrò lórí ọdún 2009, wọ́n gbé e ka ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó di 18.02, wọ́n tún lu ìlù ayọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà yẹn bá ń wálẹ̀, ọjà ṣì ń gòkè, eré tó ń sá ló dín kù. Ibi tí owó ọjà gùn dé, kò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe rí, kó bá abiyamọ kan jókòó ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n jọ ṣètò ọjọ́ ìbí ọmọ tó fẹ́ pé ọdún kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ọmọ náà, ẹ̀yìn bébà ìdánwò tó ṣẹ́ kù ló kọ ètò rẹ̀ sí. Kéèkì alájà méjì. Kánópì àti àga. Kúlà ìrẹsì mẹ́ta. Adìẹ. Ẹlẹ́rìndòdò. Dí-jéè. Bàlúùnù àti ẹni tó máa bá a so ó. Ayàwòrán. Báàgì tí wọ́n máa kó bísíkíìtì àti súìtì sí fún àwọn ọmọ tó bá wá. Aṣọ méjì fún ọmọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ìyá àti bàbá. Ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ iye owó síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, títí bébà náà fi lu níbi tó kọ adìẹ sí. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ti sọ owó oṣù tó kéré jù di 77,000 náírà ní ọdún 2024, ó ju 70,000 tí Àbújá fọwọ́ sí lọ. Mo yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹ mú kéèkì nìkan yẹ̀ wò. Fúláwà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àlìkámà ni wọ́n ń lọ̀ di fúláwà, èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń jẹ sì ń ti òkè òkun wá. Dọ́là la fi ń rà á. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 480 náírà ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500. Nítorí náà, alákéèkì tó wà ní Panṣẹ́kẹ́ kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí wọ́n dì lé e lórí ló ń dì lé oníbàárà lórí. Ohun tó sì jẹ́ tiwa pẹ̀lú kò bọ́. Ẹ̀wà tí a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín, ọkọ̀ ló ń gbé e ti òkè ọya wá, epo ni ọkọ̀ sì ń mu. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà nígbà náà ti tó nǹkan bí 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta kò gbà kí aláṣẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu bo ọjà mọ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, ẹgbẹ́ obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí ló bá wọn gbèjà. Àwọn obìnrin yìí kan náà ló tú síta nítorí owó orí láti ọdún 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà kan ní ọdún 1949. Ohun tó fún wọn lẹ́nu ni pé àwọn ló ń wọn ìrẹsì ní kóńgò, àwọn ló mọ iye tó kù lápò. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ la nílò lónìí.

Síbẹ̀, ìjọba nìkan kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Ohun tó dùn mí jù nínú bébà olùkọ́ yẹn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá: ó kọ “lóònù” síbẹ̀, ó sì fa ilà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orí fóònù ló ti fẹ́ yá a.

Láyé àtijọ́, bí onígbèsè kò bá san owó, olówó á rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó tì wọ́n nílé, á máa bú tọmọdé tàgbà, á máa pa adìẹ wọn jẹ, kò sì ní lọ títí ẹbí á fi tu owó jọ. Àwọn mìíràn fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí owó ìsìnkú tàbí owó ìyàwó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó, èlé ló ń dí. Owó gan-an wà níbẹ̀ digbí. A dúpẹ́ pé ayé yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n ológò ti wọ inú fóònù. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan, bí ọjọ́ bá fi yẹ̀, wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù onígbèsè, wọ́n á kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí àna rẹ̀, pé olè ni. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ti ń lé wọn kiri, ó sì ṣe ìlànà ìforúkọsílẹ̀ fún wọn ní ọdún 2022. Ìlànà náà dára. Àmọ́ ìtìjú tí wọ́n ti kó bá ènìyàn, kò sí àjọ tó lè kó o padà. Mo bẹ olùkọ́ náà pé kó má yá a. Ọmọ ọdún kan kò mọ kánópì. Ìyá tí oorun dá lójú rẹ̀ nítorí gbèsè ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí a má dúpẹ́. Ó yẹ ká dúpẹ́ gidigidi. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 67 ni kì í pé ọdún kan. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ ìbí, tó tún padà lọ nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án fún ti èéyi àti ibà pọ́njú, ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ wọ̀nyí nílé ìwòsàn ìjọba. Káàdì abẹ́rẹ́ tó pé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rí lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ìdúpẹ́ kò sì gba owó ńlá. Ohun díẹ̀ làwọn baba wa fi ń sọ ọmọ lórúkọ: oyin díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, obì, orógbó, ataare, omi tútù. Gbogbo ilé tọ́ ọ wò, àdúrà sì gbà.

Ẹ̀gbá ló ni ọ̀rọ̀ yìí: ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Kí abiyamọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ. Bó bá ń dá 200 náírà lójúmọ́ fún alájọ, 73,000 ni lọ́dún. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan lóṣooṣù, ìyẹn 2,400. Yóò ku 70,600. Kó fi ìyẹn ṣe gbèdéke: ohun tí kò bá wọ inú rẹ̀, kó kúrò nínú ètò. Kó fi ìrẹsì ọ̀fàdà ilẹ̀ wa dípò ti àpò, kó fi sóbò dípò ẹlẹ́rìndòdò, kó rán àdìrẹ Ìtòkú fún ọmọ. Dọ́là kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwọ̀nyí.

Mo tún ní ìmọ̀ràn mìíràn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní agboolé kan ní Ìbarà lọ́dún tó kọjá sàn jù wọ́n lọ. Ìyá ọkọ ló pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì jọ, ó ní ọmọ-ọmọ òun fẹ́ pé ọdún kan, kí oníkálukú mú ohun tí agbára rẹ̀ bá ká wá. Ẹnì kan gbé kóńgò ọ̀fàdà méjì wá, ẹnì kan gbé epo pupa, ẹnì kan gbé ata àti irú, ẹni tí kò ní nǹkan kan gbé ọwọ́ rẹ̀ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n da ìrẹsì sórí àtẹ, wọ́n ń ṣa òkúta inú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá ìyàwó ilé sọ bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Igi ni wọ́n fi dáná. Àwọn ọmọ àdúgbò jẹun yó, wọ́n jó, wọ́n sì rí kéèkì kékeré kan pín. Kò sí kọ́bọ̀ tí ẹnikẹ́ni yá. Irú àáró tí Lísàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ nìyẹn: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ má bèèrè aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ọmọ tí owó oṣù kò tó jẹun. Ẹ pe ẹgbẹ́ yín jọ kí ó tó tẹ fóònù wá lóònù.