Bí ìwé ọmọ yín bá wà lọ́fíìsì nílùú òyìnbó, ẹ má fi ìpayà pè é wálé



Ìyá arúgbó kan wà ládùúgbò wa níbí, ní Command, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Nígbà tí físà wọn fẹ́ẹ́ parí, ọmọ náà béèrè fún tuntun, ṣùgbọ́n èsì pẹ́ kó tó dé. Bí Màmá ṣe gbọ́ báyìí, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló gbé, kò jẹ, kò mu, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kó máa lò lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kẹta, òòyì gbé e ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, àwọn ẹbí ti pe ọmọ lórí fóònù: “Máa bọ̀ kíákíá o, bó o bá fẹ́ bá ìyá ẹ láyé.”

Ọmọ yìí ti ń wá owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó dá a dúró. Ohun tí ọ̀rẹ́ náà mọ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀.

Lábẹ́ òfin Ìlú Ọba, ẹni tó bá béèrè fún físà tuntun kí ti ọwọ́ rẹ̀ tó parí kò di arúfin nítorí pé èsì pẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1971 lórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò fún un láyè láti máa gbé ibẹ̀, kó sì máa ṣe iṣẹ́ tí físà ti tẹ́lẹ̀ fàyè gbà, títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá jáde nílùú kí èsì tó dé, yàtọ̀ sí Ireland, Isle of Man àtàwọn erékùṣù Channel, wọ́n á kà á sí pé kò béèrè mọ́ nìyẹn. Owó tó ti san lè ṣòfò, ìwé ìyàwó àtàwọn ọmọ tó so mọ́ tirẹ̀ náà á sì dojú rú.

Ẹ má sì sọ pé ọmọ yín ti yí padà bí owó tó ń fi ránṣẹ́ bá dín kù lásìkò náà. Yàtọ̀ sí owó físà, owó ìtọ́jú ìlera tún wà. Láti February 6, 2024, wọ́n ti sọ ọ́ di £1,035 lọ́dún kan fún àgbàlagbà, àti £776 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Bí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì bá fẹ́ gba físà ọdún mẹ́ta, £10,866 nìyẹn, wọn kì í sì í san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń lo físà òṣìṣẹ́ ìlera wà lára àwọn tí kì í san án.

Àwọn àgbà tó gbé Gáná rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kì í ṣe eré. Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ọ̀fà tó ti fi ọjọ́ pípẹ́ ṣòwò níbẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀.

Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà sọ bó ṣe le tó, kẹ́ ẹ tó pe ọmọ. Ẹ sọ òótọ́ fún un, ẹ má fi kún un. Ẹ bi í pé, “Ǹjẹ́ ìwé ẹ ti jáde?” Bí kò bá tíì jáde, kó rí lọ́yà tàbí agbaninímọ̀ràn tó ní àṣẹ ìjọba kó tó gbéra.

Ní ti ara yín, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó gbààwẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé lílò kan, ẹ má lo ìlọ́po méjì láti fi dí i. Bí ẹnu bá wọ́ lójijì, tí apá kan kọ̀ tí kò gbéra, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má fi àgbo dán an wò, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ọsibítù ìjọba ńlá ti Alimosho wà ní Igando.

Màmá wa ti gbádùn. Oògùn tó fi sílẹ̀ ló gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni físà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ìgbà yẹn lọmọ tó wálé wá kí i. Bó bá jẹ́ pé ó ti sáré bọ̀ lọ́jọ́ náà ni, Màmá ì bá bá a lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìyàwó àtọmọ ì bá wà nínú wàhálà.

Ẹ tọ́jú ara yín o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.