Ta ló ni òkú ọba: ẹbí, ẹ̀sìn àbí ìlú?

Ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 2025, ni Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà lẹ́ni ọdún 91. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni wọ́n sin ín nílànà Mùsùlùmí sínú ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ṣọ́jà dúró wámúwámú, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn oníṣẹ̀ṣe súnmọ́ òkú náà. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Kò yẹ kó ya ẹni tó ń fọkàn bá ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu. Ọba Adétọ̀nà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó jà fún òfin tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún buwọ́ lù ní ọdún 2022, èyí tó gbà kí wọ́n sin ọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bí ẹ̀sìn rẹ̀ bá ṣe wí.

Láyé àtijọ́, bí ọba bá ti wàjà, òkú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ aya àtọmọ nìyẹn. Àwọn Òṣùgbó ló kàn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ohun tí wọ́n bá sì ṣe, ẹnu kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Àṣírí yìí gan-an ló bí àhesọ pé wọ́n máa ń yọ ọkàn ọba tó lọ fún èyí tó ń bọ̀. Ì báà jẹ́ òótọ́, ì báà jẹ́ irọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ ọba.

Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ètùtù ló sọ ọmọ ọba di ọba, kò sì yẹ kí ẹni tó gba ètùtù nígbà tó ń wọlé kọ̀ ọ́ nígbà tó ń jáde. Àwọn agbẹjọ́rò yóò tọ́ka sí abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà, tó fún oníkálukú lómìnira ẹ̀sìn. Lójú tèmi, òfin lè dáàbò bo òkú, kò lè parí ìjà. Ìpèbí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti parí, kì í ṣe etí sàréè. Kí àwọn afọbajẹ bi ẹni tó fẹ́ jọba léèrè níṣojú gbogbo ìdílé pé, "Ta ni yóò sin ọ́?" kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí adé tó dé orí.