A Kì Í Ti Kànga Àjọgbẹ́

Bí gbogbo abúlé bá jọ gbẹ́ kànga, ta ló láṣẹ láti fi àgádágodo tì í? Ohun tí ilé iṣẹ́ Redis ṣe lóṣù kẹta ọdún 2024 nìyẹn. Láti ọdún 2009 ni irinṣẹ́ ìtọ́jú détà yìí ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn ará ìta sì ń bá wọn kọ ọ́. Lójijì, wọ́n yí àṣẹ ìlò rẹ̀ padà. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi pawó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àṣẹ tí wọ́n fúnra wọn fọwọ́ sí ló gbà bẹ́ẹ̀. Kò pé oṣù kan tí àwọn kan fi gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ, tí wọ́n pè é ní Valkey. Lọ́dún 2025, Redis fi àṣẹ AGPL ṣí ìlẹ̀kùn padà, ṣùgbọ́n Valkey kò padà wálé.

Ẹ̀yin tó ń kọ irinṣẹ́ ní Èkó, Accra àti Dakar, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti sọ ibi tí oúnjẹ yín yóò ti wá. Ẹ lo AGPL látìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá tún un ṣe, tó sì ń fi dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe náà hàn wọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wá ra àṣẹ mìíràn lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á pátápátá, ẹ tà á. Kò sí ìtìjú nínú òwò. Ẹ̀tàn ló ń tini lójú.