Àlejò Tí Ń Pìtàn Ilé fún Onílé

Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń san án. Àṣà rere ni, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó yẹ kí ó mọ. Bí olórí orílẹ̀-èdè mìíràn bá wọ ààfin, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ẹní fún un, kí a lu ìlù fún un. Bí ó bá wọ gbọ̀ngàn yunifásítì láti sọ àsọyé, ilé ìbéèrè ni ó wọ̀ yẹn. Èmi kò gbà pé ojú àlejò yẹ kí ó pa wá lẹ́nu mọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ Dakar yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 2007, Nicolas Sarkozy, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àga ààrẹ ilẹ̀ Faransé, sọ̀rọ̀ ní yunifásítì ìlú náà. Ó pe òwò ẹrú ní ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ènìyàn. A gbọ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún ní ọmọ Áfíríkà kò tíì wọ inú ìtàn tó bí ó ti yẹ, pé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá ni àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ti ń bá ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò yí po, láìní èrò ìlọsíwájú lọ́kàn. Níbo ni ó ti sọ ọ́? Nínú yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ Cheikh Anta Diop, onímọ̀ tí ó kú ní 1986, tí ó fi ayé rẹ̀ wá ẹ̀rí pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ni ọ̀làjú Íjíbítì ìgbàanì ti wá. Ó dà bí ẹni tí ó dúró lójú oórì bàbá kan, tí ó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé bàbá náà kò gbé ayé rí.

Èsì kò ṣàìwá. Ní 2008, òǹkọ̀wé 23 pawọ́ pọ̀ ṣe ìwé kan láti dá a lóhùn, Makhily Gassama sì ni olóòtú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2009, Ségolène Royal, tí òun àti Sarkozy jọ du ipò ààrẹ, tọrọ àforíjì ní Dakar. Àwa Yorùbá náà kò ṣàìní ẹ̀rí: ní 1897, kí a tó bí Sarkozy rárá, Samuel Johnson ti parí ìwé ìtàn wa. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó jáde lẹ́yìn tí àlejò ti délé rẹ̀ kò lè gba ipò ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í kí ó tó sọ̀kalẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2017, Emmanuel Macron lọ sí Yunifásítì Ouagadougou ní Bùrkínà Fasò, èyí tí òun náà ń jẹ́ orúkọ òpìtàn, Joseph Ki-Zerbo, olóòtú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìtàn Áfíríkà tí UNESCO gbé jáde. Wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti bi í ní ìbéèrè lójúkojú. Èyí sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná yunifásítì jẹ yọ, Macron ní wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìjọba amúnisìn ni òun ṣì jẹ́, pé iṣẹ́ ààrẹ wọn ni iná. Ààrẹ Roch Marc Christian Kaboré, tí ó jókòó níbẹ̀, dìde jáde. Àlejò ní ó lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí àwàdà náà, wọn kò sì jẹ̀bi. A kì í fi onílé ṣẹ̀sín lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni iná yunifásítì? Ṣé àlejò ni? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa, bí olórí tiwa bá wá sí yunifásítì, ó wá ṣí ilé tuntun ni, tàbí ó wá gba oyè ìdánilọ́lá. Yóò gé ríbọ́ọ̀nù, yóò bọ́ sínú ọkọ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí àlejò bá ṣílẹ̀kùn ìbéèrè ni gbogbo ẹjọ́ ilé ń dà síwájú rẹ̀. Àwa fúnra wa ni a fún un ní ẹnu tí ó fi bú wa. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Èmi kò sọ pé kí a bú àlejò o. Ní oṣù Kẹsàn-án 2007, olórí Yunifásítì Columbia ní New York sọ fún Mahmoud Ahmadinejad, ààrẹ Íránì, pé gbogbo àmì apàṣẹwàá òǹrorò ni ó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà kò sì tíì la ẹnu. Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè, ìdájọ́ ni. Kí àlejò sọ tirẹ̀ tán, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì bi í: kí ni ẹ̀rí rẹ?

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo jókòó rí nínú gbọ̀ngàn yunifásítì kan nílẹ̀ wa, tí olórí orílẹ̀-èdè kan wá sọ àsọyé. Wọ́n ní kí a kọ ìbéèrè wa sínú ìwé pélébé. Mo kọ tèmi. Atọ́kùn ètò kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó ní àkókò ti lọ, wọ́n sì gbé aṣọ òkè wọ àlejò. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí yunifásítì wa má ṣe gba olórí kankan sórí ìtàgé mọ́, ìbáà ṣe tilé ìbáà ṣe tòde, bí kò bá ní dúró gba ìbéèrè láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Tilé ni kí a sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró dáhùn, kí ó sọ tirẹ̀ lórí rédíò. A óò gbọ́ ọ láti ilé.