Ẹ̀rí Ẹnu àti Ẹ̀rí Fóònù

 

Láti ìgbà tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001 ni ẹjọ́ kan kò ti tán láàárín wa. Ìyá tí ń bẹ nílé á ní ọmọ òun ní Sabon Gari kì í pe òun. Ọmọ á búra pé òun kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ta ni ká gbà gbọ́?

Irú ẹjọ́ yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Orílẹ̀-èdè 13 ni ó para pọ̀ ṣe ìwádìí Interphone, láti mọ̀ bóyá fóònù ń fa kókó inú ọpọlọ. Ẹnu àwọn ènìyàn ni wọ́n gbójú lé: ẹ̀ẹ̀melòó lò ń pè, ìṣẹ́jú mélòó lò ń lò? Ṣùgbọ́n wọ́n dán ìdáhùn náà wò. Ní 2006 wọ́n tẹ èsì jáde lórí ènìyàn 672 láti orílẹ̀-èdè 11, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wé àkọsílẹ̀. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, ìpè 100 di bí 92 lẹ́nu wọn, ìṣẹ́jú 100 sì di bí 142. Ẹni tí kì í pè púpọ̀ ń dín in kù, ẹni tí ń pè gan-an ń bù mọ́ ọn. Èsì mìíràn ní 2009 fi hàn pé bí ohun tí a bi àwọn aláìsàn ṣe ń pẹ́ sẹ́yìn tó, bẹ́ẹ̀ ni àbùmọ́ wọn ń pọ̀ sí i. Ti àwọn tí ara wọn le kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ẹni tí àrùn ń dà láàmú a máa wá ohun tí ó fà á kiri.

Àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin mọ̀ ọ́n. Èrò tí oòrùn pa á ní òun dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ìwé akọ̀wé á ní wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ìwé ni ọ̀gá ń wò.

Nítorí náà, bí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn yín, tàbí dókítà bi yín léèrè nípa fóònù àwọn ọmọ, ẹ má ṣe méfò. Ẹ ṣí fóònù, kí ẹ ka ohun tí ó kọ sílẹ̀. Ìdáhùn yín ni wọn yóò fi pinnu ohun tó lè ṣe wá ní ibi àti èyí tí kò lè ṣe é.

Bákan náà ni ti ẹjọ́ ilé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí fóònù náà rojọ́ tirẹ̀. Bí ó bá sì dá yín lẹ́bi, ẹ pe ìyá yín lálẹ́ òní.