Òrí: Ọrọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó èso òrí tí a kò tíì fún lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, ń kéde àṣẹ náà, ó ní èso òrí tí ó ń ti ilẹ̀ wa jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n nínú ọjà òrí tí ó tó bílíọ̀nù 6.5 owó dọ́là, ìpín 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kàn wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí kò dùn ún, a jẹ́ pé kò mọ ohun tí à ń pè ní àdánù.

Igi òrí, tí àwọn kan ń pè ní emi, kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Láti Kàyámà dé Mọ́rò ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láti Ṣakí dé Kìṣí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Niger, Ọlọ́run ni ó fi í ta wá lọ́rẹ. Àwọn baba wa kò gbìn ín, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iyì rẹ̀, wọn a sì máa dá a sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko. Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland tí ó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní Bussa ní 1806, ti kọ nípa òrí sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1799, ó sì yìn ín ju bọ́tà tí a fi wàrà màlúù ṣe lọ. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn aláwọ̀ funfun ti mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ òrí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Nígbà òjò, tí èso náà bá ń bọ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin a ti wọ inú igbó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, láàárín ejò àti àkekèé. Wọn a bó ara èso náà kúrò, wọn a se kóró rẹ̀, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì fi omi pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó, kí wọ́n tó tún gbé e ka iná. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n kóró náà ni ó jẹ́ ọ̀rá, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ lásán kò lè fún un tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń bá èérí lọ.

Nítorí làálàá yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń ta kóró gbígbẹ fún alárobọ̀, ní iye tí alárobọ̀ bá dá lé e. Ó di ọwọ́ dé ọwọ́, títí yóò fi dé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ìpara àti ọṣẹ. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 2000 tilẹ̀ gba àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì láàyè láti fi irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kún un, títí dé ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìpara náà bá sì padà wá sí ọjà wa nínú ike kékeré, àwa kan náà ni a ó tún fi owó gọbọi rà á. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ní tiwa, èrò tí ó wà nídìí àṣẹ ìjọba dára. Burkina Faso àti Mali ti ṣe irú rẹ̀ ní 2024. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò lè fún òrí. Bí a bá ti ilẹ̀kùn ọjà òkèèrè mọ́ èso yìí, tí kò sì sí iléeṣẹ́ nílé tí yóò rà á, ta ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ? Obìnrin tí ó ṣà á nínú igbó ni. Alárobọ̀ yóò sọ fún un pé ọjà ti kú, yóò sì rà á lọ́pọ̀. Àwọn onífàyàwọ́ yóò sì gbé ìyókù gba ẹnubodè kọjá lóru. Bí àṣẹ bá pẹ́ tàbí bí kò pẹ́, iléeṣẹ́ tí ó ń fún òrí nílé ni ojúlówó ìdáhùn.

Níhìn-ín ni a ti ń ké sí àwọn ọlọ́rọ̀ wa, yálà wọ́n wà nílé tàbí ní òkè òkun. Òwò yìí kò ní kí ènìyàn kó owó ńlá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí ń pa kóró, èyí tí ń yan án, èyí tí ń lọ̀ ọ́ àti èyí tí ń fún un, pẹ̀lú kànga tí ó jinlẹ̀ àti àká tí ó gbẹ, tó láti bẹ̀rẹ̀ ní abúlé ńlá kan. Àká yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé oṣù mélòó kan ni èso fi ń bọ́; ẹni tí ó bá rà á ní àsìkò, tí ó sì tọ́jú rẹ̀ kí ó má hu, ni yóò rí iṣẹ́ ṣe yípo ọdún. Èérí tí ó bá ṣẹ́kù pàápàá dára fún dídá iná. Kí iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà nítòsí ibi tí igi wà, kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lè rí iṣẹ́ láìfi ìlú wọn sílẹ̀.

Ní ti owó yíyá, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1977 láti ṣe onídùúró fún àwọn àgbẹ̀ ní báńkì ṣì wà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin tí ń ṣe òrí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò mọ́ ọn. Bí báńkì bá ń béèrè ìwé ilẹ̀ àti ilé lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní ju igbá àti ìkòkò lọ, kò fẹ́ yá a lówó ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti àná kọ́gbọ́n. Iléeṣẹ́ ṣúgà Bacita ní Kwara, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ gbó, ó sì dákẹ́. Ní nǹkan bí 2005, ìjọba Kwara gba àgbẹ̀ 13 láti Zimbabwe sí Ṣóńgà, a sì rí wàrà àti adìyẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dúró. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ẹ̀rọ ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, àti pé òwò tí àwọn ọmọ ilẹ̀ kò bá ní ìpín nínú rẹ̀ kì í ta gbòǹgbò. Kí olówó, onílẹ̀ àti aṣàso jókòó kọ àdéhùn wọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà.

Ó ku ọ̀rọ̀ igi fúnra rẹ̀. Igi òrí a máa tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni àwọn eléèédú ń gé e lulẹ̀. Ohun tí ìbá máa mú owó wá fún ìran mẹ́ta ni wọ́n ń sun fún owó ọjọ́ kan. A rọ àwọn ọba, baálẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ láti fi òfin de gígé igi yìí, kí wọ́n má sì ṣe ojúsàájú. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí òrí NIFOR ní Bida ni kí a sì gbọ́ ti ẹnu wọn lórí gbígbin igi náà àti lílọ́ ọ, kí ó lè tètè so.

Ọrọ̀ wà nílẹ̀, ọjà wà, àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ náà wà. Kí ìjọba tún ọ̀nà Kàyámà àti irú rẹ̀ ṣe, kí báńkì ṣí ilẹ̀kùn, kí olówó gbé owó jáde. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nígbà tí èso mìíràn bá tún bọ́, kí ó bá iléeṣẹ́ tí yóò rà á nítòsí, ní iye tí ó bá làálàá ẹni tí ó ṣà á mu.